Pèrègún Tí Mo Gé

Pèrègún tí bàbá wọn gbìn ni Màámi fẹ́ rí kí wọ́n tó kú. Kí ìjọba tó gba igbó tí pèrègún náà wà, tí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, tí wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ adágún ẹja síbẹ̀, oko bàbá wọn ló wà níbẹ̀. Ìlobù ni ìlú tiwa. Ará Ìfọ́n ni ọ̀rẹ́ tí òun àti bàbá wọn jọ pààlà. Àwọn méjèèjì ló jọ gbin pèrègún sí ààlà náà, kí ìjà má baà wọ̀ ọ́. Ìjà ṣì wọ̀ ọ́ láàárín ìlú méjèèjì.

Èmi ò kúkú fẹ́ lọ. Mo kanra títí lọ́nà pé kí ni ti igi lásán. Nígbà tí a débẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, mo fi Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo lọ wá ọ̀pá fún wọn. Létí adágún ni mo ti rí igi kan tó dúró ṣánṣán, tí wọ́n ro ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo fi àdá tí mo mú dání nítorí ejò gé e. Ọmọ ọ́fíìsì ni mí, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni mo dá mọ̀ dáadáa.

Màámi gbà á, wọ́n wo ewé orí rẹ̀, wọ́n ní pèrègún ni. Wọ́n ní kí n mú àwọn dé ibi tí mo ti gé e. Kò sí pèrègún mìíràn níbẹ̀, èyí tí mo gé nìkan ló ṣẹ́kù.

Bàbá arúgbó kan tó ń fi ìwọ̀ pẹja lódìkejì adágún rìn wá bá wa. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kùkùté ló ń wò.

“Ta ló gé pèrègún bàbá mi?”

Bàbá rẹ̀! Ọmọ ará Ìfọ́n ọjọ́sí ló dúró níwájú wa yìí, òun ló ń ro ìdí igi náà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí. Kí n tó lanu, Màámi ti dáhùn.

“Èmi ni. Bàbá mi ló bá bàbá yín gbìn ín.”

Màámi tí kì í purọ́! Bàbá náà na ọwọ́ sí àdá mi. Mo rántí gbogbo ohun tí ìlú méjèèjì ti fojú ara wọn rí. Màámi ní kí n fún un. Mo fún un.

Ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ wọn, ó gé e sí méjì. Ó ní pèrègún kì í kú bẹ́ẹ̀. Ó ri ìdajì mọ́lẹ̀, ó na ìdajì kejì sí Màámi.

“Ẹ gbin tiyín.”

Màámi kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n gbìn ín. Èjìká mi ni wọ́n dìmú títí a fi dé ìdí mọ́tò, nítorí wọn ò ní ọ̀pá mọ́.