Súwẹ́tà Tí Mo Kó Sí Ìsàlẹ̀ Àpótí

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Sabon Gari, ní Zaria, kò sí eré tó dùn mọ́ mi tó kí wọ́n máa di ẹrù ìrìn àjò. Mo lè wà nídìí suwe kó ku ilé kan ṣoṣo kí n jẹ, bí mo bá ti gbọ́ tí ìdérí àpótí páànù ìyá mi dún gbàgà, òkúta suwe á bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ti sáré wọlé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nílé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè yóò rántí irú àpótí náà: aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ya òdòdó pupa sí lára, tí etí rẹ̀ máa ń gé ènìyàn lọ́wọ́ bí kò bá ṣọ́ra.

Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń fún un ní ìwé ọ̀fẹ́ tí yóò gbé gbogbo wa dé Ọ̀fà, ìlú wa. Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì wọlé tán ni ìsinmi rẹ̀ máa ń bọ́ sí, kò sì sí àsìkò tó ṣòro láti di ẹrù fún tó ìyẹn. Ní Zaria, òwúrọ̀ á tutù, ọ̀sán á sì gbóná débi pé ilẹ̀ á máa jó wa lẹ́sẹ̀. Ní ọ̀nà Kaduna, kò sí ẹni tó mọ ohun tí ìdájí máa gbé wá. Bí ẹ bá sì fi máa dé Ọ̀fà, òjò àrọ̀kúrò ṣì ń rọ̀. Ojú ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà kan, ẹrù wa kò sì ju méjì lọ: àpótí páànù, tí wọ́n máa ń gbé sínú wágọ̀nù ẹrù, tí a kò ní fojú kàn mọ́ títí a ó fi dé Ọ̀fà, àti báàgì ọwọ́ kan, tí yóò wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa.

Ìyá mi ní ìlànà tirẹ̀. A kì í ká aṣọ ní ilé wa. À ń yí i bí ẹní ni, kó má baà gba àyè. Èyí tó wúwo á wà nísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á wà lókè, ìbọ̀sẹ̀ á wà nínú bàtà, bàtà á wà nínú ọ̀rá ní igun. Kafúrà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Èèpo ọsàn gbígbẹ la máa ń fọ́n sáàárín aṣọ, nítorí òórùn kafúrà máa ń dí àbúrò mi, Káyọ̀dé, láyà.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Káyọ̀dé lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Èmi ti pé mọ́kànlá. Ikọ́ fée ló ń bá a jà. Ní ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù, dókítà sì kìlọ̀ fún ìyá mi pé kí òtútù òwúrọ̀ má ṣe mú un bẹ́ẹ̀ mọ́, pé àyà ọmọ náà lè má gbà á nígbà kejì. Nítorí náà, ìyá mi kò fẹ́ ká lọ rárá. Ṣùgbọ́n ojú ìyá bàbá mi ti ń ṣú, wọ́n sì ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí ọmọkùnrin náà kí ojú àwọn tó kú tán. Bàbá mi ní a ó lọ, a ó sì fi aṣọ dáàbò bo àyà rẹ̀.

Èmi ní tèmi ti di ọ̀gá nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ní ìwé kan tó jẹ́ pé ojú ọjọ́ nìkan ni mò ń kọ sí i. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá gbálẹ̀ tí mo sì pọnmi tán, mo máa ń gun ògiri ilé ìwẹ̀ láti wo òkè Kufena lókèèrè. Bí mo bá rí i dáadáa, mo kọ “mọ́”. Bó bá dà bí ohun tí wọ́n fi aṣọ bò, mo kọ “eruku”. Mo ń ki ọwọ́ bọ omi inú ìkòkò láti mọ bó ṣe tutù tó, mo sì ń kọ ọjọ́ tí ètè mi kọ́kọ́ bó sílẹ̀. Nítorí ògiri yẹn, ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè títí ìrẹsì fi jinná. Mo tún gùn ún lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi a máa ka ìwé náà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì ní, “Ẹ bá wa pe Ọ̀jọ̀gbọ́n, kó wá sọ bóyá ká sá aṣọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn kó sí mi lórí ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́sẹ̀ tí a máa lọ, mo fi ọdún méjì tó wà nínú ìwé mi wé ara wọn, mo sì kéde pé ó ku ọjọ́ méjìlá kí ọyẹ́ tó dé.

Lọ́jọ́ ìdìrù, ìyá mi wà nídìí iná, ó ń dín ẹja àti àkàrà tí a máa jẹ lọ́nà. Òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun di báàgì ọwọ́. Ó ti to gbogbo ohun tó máa wọ inú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì: kúbùsù kan, súwẹ́tà Káyọ̀dé tó nípọn, fìlà onírun, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, àti aṣọ ìwọ̀lú wa.

Ẹ̀yin náà mọ aṣọ ìwọ̀lú. Ẹni tó ti òkè Ọya bọ̀ kò gbọdọ̀ fi aṣọ ojú ọ̀nà wọ ìlú rẹ̀. Bó bá ku ibùdókọ̀ kan, àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi nu ojú àwọn ọmọ, wọ́n á sì pààrọ̀ aṣọ fún wọn. Lọ́dún kan ṣáájú ìyẹn, aago méje àárọ̀ la dé Ọ̀fà lójijì kí a tó pààrọ̀ aṣọ, àbúrò bàbá mi obìnrin kan sì wò wá látòkè délẹ̀, ó ní, “Ṣé igi ìdáná lẹ̀ ń tà ní Zaria ni?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ìyá mi lọ. Lọ́dún yìí, gínì tuntun ni wọ́n rán fún wa, ti ìyá mi àti tèmi, ti Káyọ̀dé sì ní agbádá kékeré lórí. Gínì tí wọ́n lù dáadáa kò ṣeé yí bí ẹní, á hun. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja sínú báàgì, síìpù kò pa dé mọ́. Mo wo kúbùsù, mo wo súwẹ́tà, mo rántí ọjọ́ méjìlá mi. Mo kó àwọn méjèèjì àti fìlà náà sí ìsàlẹ̀ àpótí páànù. Bàbá mi fi okùn dì í, wọ́n lẹ ìwé tí wọ́n kọ Ọ̀fà sí mọ́ ọn lára, wọ́n gbé e lọ.

Ọkọ̀ pẹ́ kó tó ṣí. Ọ̀sán ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí a kúrò ní Zaria, ooru sì mú débi pé Káyọ̀dé bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo jẹ àkàrà, mo fọwọ́ sọ̀yà.

Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi nídàájí. Ọkọ̀ ti pẹ́ ní Kaduna, ó sì tún dúró ní ibùdó kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo lá ètè mi, ó ti bó. Mo yọjú síta, igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kò hàn, eruku funfun ti gbé e mì. Lẹ́yìn mi, Káyọ̀dé wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ tó máa ń ṣáájú. Ìyá mi ti ki ọwọ́ sínú báàgì, ó ń wá, ó tún ń wá.

“Fọláṣadé. Súwẹ́tà ọmọ yìí dà?”

Ṣadé ni gbogbo ayé ń pè mí. Mo sọ ibi tó wà. Kò gbá mi létí, ìyẹn ló sì kó jìnnìjìnnì bá mi. Bàbá mi dìde lọ bá gáàdì tó ń ṣọ́ ọkọ̀, mo tẹ̀ lé e. Gáàdì gbé fìtílà sókè ní ẹnu wágọ̀nù kí a lè fojú ara wa rí i: àpò àlùbọ́sà ni wọ́n tò dé òkè àjà, gbogbo àpótí Ọ̀fà sì wà lẹ́yìn wọn. Ó ní bí òun bá tiẹ̀ fẹ́, ilẹ̀ á mọ́ kí wọ́n tó kó o kúrò.

Nígbà tí a padà, àyà Káyọ̀dé ti ń súfèé. Awọ ara rẹ̀ ń wọ àárín egungun ìhà ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Àlàájà kan, oníṣòwò ará Ìlọrin tó jókòó kọjú sí wa, ló fọhùn. “Haba, ìyá ọmọ, kí lẹ̀ ń wò? Ẹ wọ gbogbo rẹ̀ fún un. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méje ju kúbùsù kan lọ.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lẹ́yìn náà kaba òwú tèmi, búbá gínì rẹ̀, búbá gínì tèmi, agbádá kékeré, gèlè ìyá mi tí wọ́n fi gba àyà rẹ̀ yíká lẹ́ẹ̀mẹta, búbá tuntun ìyá mi lókè pátápátá. Àlàájà ra kunu gbígbóná, ògì ọkà àwọn Hausa, lójú fèrèsé, ó ní kó kọ́kọ́ máa fi imú fa ooru rẹ̀ kó tó mu ún. Káyọ̀dé dà á sára gínì, kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń ka èémí lójú aago bàbá mi: méjìléláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Mo tún kà á, méjìléláàádọ́ta. Oòrùn yọ, ó funfun bí òṣùpá, kò gbóná. Ìgbà tó yá, ó di mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó di ogójì. Ní ogójì, ó béèrè ẹja.

Ìgbà náà ni ìyá mi tó wò mí. Ohùn rẹ̀ kò le. “Ojú ọjọ́ lo kọ sínú ìwé rẹ. O ò kọ Káyọ̀dé sí i.”

Láti Minna lọ, afẹ́fẹ́ rọ̀, a sì ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò la bá dé Ọ̀fà. Àbúrò bàbá mi wo gínì tó ti hun tán, tí kunu gbẹ mọ́, ó ní, “Ṣé ẹnu màlúù lẹ ti yọ aṣọ yìí ni?” Ìyá bàbá mi kò tilẹ̀ gbọ́. Wọ́n ti fi etí lé àyà Káyọ̀dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ń retí ìjìyà mi títí a fi padà sí Zaria. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó rí i: ìyá mi to aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n di báàgì ọwọ́, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tú u, mo tún un dì nígbà mẹ́fà.

Káyọ̀dé ti ní ewú lórí báyìí, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé ní Samaru. Èmi wà ní Dogarawa, ní Zaria kan náà, ẹni tó bá sì fẹ́ rìnrìn àjò ládùúgbò máa ń pè mí wá wo ẹrù rẹ̀. Nǹkan ti rọrùn. Fóònù ń sọ ojú ọjọ́ ọjọ́ mẹ́wàá, láràárọ̀ ni mo sì ń wò ó, nítorí n kò lè gun ògiri mọ́. Ọmọ mi obìnrin, Bùsáyọ̀, tí kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ, pè mí láìpẹ́ yìí pé àwọn méjèèjì fẹ́ lọ gbafẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá ní ìlú òyìnbó, lásìkò tí ewé igi wọn ń wọ́. Ó fi àwòrán aṣọ tó tò sórí bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, pẹ̀lú ojú ọjọ́ èbúté kọ̀ọ̀kan: oòrùn níhìn-ín, òjò lọ́hùn-ún, atẹ́gùn lórí òkun. Mo ní kó mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta dípò onípọn kan, kó sì fi aṣọ òjò sínú báàgì ọwọ́, nítorí wọ́n á gba àpótí lọ́wọ́ wọn ní èbúté, ó sì lè tó wákàtí mélòó kan kó tó dé yàrá wọn.

Nígbà tiwa, a kò mọ ohun tí ọ̀la máa jẹ́, ṣùgbọ́n a mọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé ṣe ń mí. Mo bi í pé, nínú òun àti ọkọ rẹ̀, ta ni òtútù máa ń kọ́kọ́ mú?

Ó ní, “Mọ́mì, mi ò mọ̀ o.”

Mo ní kó má tíì ti àpótí náà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń pe ọkọ rẹ̀ ní yàrá kejì.