Ẹ̀ẹ̀mejì Péré Ni Mò Ń Jẹun

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń jẹun lójúmọ́?"

Nọ́ọ̀sì ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní ilé dókítà wa ní Peckham, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Mi ò fi falẹ̀ rárá. Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Mo fi "péré" yẹn kún un kó lè mọ̀ pé wọ̀bìà kọ́ ló jókòó síwájú òun. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà kí n gun òṣùwọ̀n. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ kóòtù, mo tú aago ọwọ́ mi pàápàá. Ó wo nọ́ńbà, ó wo ojú mi, ó tẹ ìyẹn náà sínú kọ̀ǹpútà. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mi ò purọ́ fún un.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní London, à ń gbé wọn dìde, à ń gbé wọn jókòó, à ń gun àtẹ̀gùn fúláàtì tí líìfìtì rẹ̀ ti bàjẹ́. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ ní òun ò ṣe mọ́. Dókítà eegun ní ilé ìwòsàn fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, ó ní eegun ti ń ha eegun, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ọjọ́ wo? Ó ní ó di ìgbà tí mo bá fi kílò méjìlá sílẹ̀, pé pẹ̀lú bí mo ṣe wúwo yìí, òun ò ní fi ọ̀bẹ kàn mí. Ó ní kí n padà wá lóṣù kẹsàn-án. Oṣù kìíní la wà nígbà náà.

Ẹni tó bá rò pé nítorí ijó ni mo ṣe ń wá orúnkún kò mọ̀ mí. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kírun lórí àga. Ní mọ́sálásí wa, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń to àga sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń bọ́ bàtà sí. Bí gbogbo obìnrin bá forí kanlẹ̀, èmi á kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú mi ni mo sì máa ń rí. Lèmọ́mù ti sọ fún mi pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, pé Ọlọ́run gba ti aláìsàn. Mo mọ̀. Síbẹ̀, ó ń dùn mí. Mo fẹ́ kí iwájú orí mi tún kan ilẹ̀ kí n tó kú. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń febi pa ara mi.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó ni kéèyàn máa jẹun? Ẹ bi ẹni márùn-ún ní ọjà Rye Lane, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn mẹ́fà. Àlàájà, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń kírun ní ìlà tó wà níwájú àga mi, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. "Aunty mi, ẹ̀ẹ̀kan! One meal a day. Ẹ mu omi gbígbóná, ẹ fi lemon sí i, kí ẹ gbàgbé breakfast." Ọmọ mi obìnrin, tí a jọ ń gbé, rí ẹnì kan lórí fóònù tó ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìwó fi ohùn ránṣẹ́ pé iye ìgbà kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, pé kí n ṣáà má jẹ nǹkan kan lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé.

Mo gbìyànjú gbogbo rẹ̀. Ti Àlàájà, mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó dé, ojú mi á ti pọ́n, èbà tí mo bá tẹ̀ á tó orí ọmọdé. Ti orí fóònù, ẹni tó sọ ọ́ ní kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń se ìrẹsì díẹ̀díẹ̀? Mo jẹun lẹ́ẹ̀mẹfà lóòótọ́, mo sì yó ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà ni ààwẹ̀ dé. Mo ní ó ti parí, Ọlọ́run ti bá mi dá sí i: sààrì àti ìṣínu, ẹ̀ẹ̀mejì géérégé, kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn. Mo gba ààwẹ̀ náà dópin, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo ti fi kílò kan àtààbọ̀ lé e.

"Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀ẹ̀mejì ni?" ọmọ yẹn bi mí, ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ohùn rírọ̀ yẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo ní bó bá rò pé mo ń purọ́, kó sọ ọ́ jáde. Ó ní rárá o, òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ kóòtù mi, mo jáde láìdágbére. Mo ń fi ìbínú rìn lọ ní Rye Lane, láàárín àwọn tó ń ná iṣu àtàwọn tó ń yẹ ojú ẹja wò. Mo ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ó ṣì ń gbóná, mo ń jẹ ẹ́ lọ, mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Èmi! Èmi ni wọ́n ń pè ní òpùrọ́! Kí n tó dé ibùdó bọ́ọ̀sì, àpò pépà ti ṣófo. Mo wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Walworth, àánú ara mi sì ń ṣe mí pé láti àárọ̀ mi ò tíì jẹun.

Òyìnbó ni Màmá tí mò ń tọ́jú ní Walworth, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, bí ewé ló fúyẹ́. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé kì í jẹun. Nítorí náà, ìwé kan wà ní kíṣìnnì rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tó bá gba ẹnu rẹ̀ kọjá sí, pẹ̀lú aago rẹ̀: tíì ìlàjì kọ́ọ̀bù, ṣúgà kan, ṣíbí ọbẹ̀ méjì, ègé ápù kan. Ọ̀gá wa ò gba gbẹ̀rẹ́ lórí ìwé yẹn. Bó jẹ́ èérún búrẹ́dì ló lá, kọ ọ́. Èmi ni mo sì mọ̀ ọ́n kọ jù nínú gbogbo wa, tèmi ni wọ́n fi máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ náà mo fún Màmá ní bisikíìtì kan. Ó jẹ ìlàjì, ó na ìlàjì tó kù sí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ìlàjì bisikíìtì, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń wò mí láti orí àga rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun lónìí?"

Mo ní, "Mi ò tíì jẹun."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wá ni mò ń jẹ lẹ́nu yẹn?

Ìlàjì bisikíìtì rẹ̀ ni. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo fi sẹ́nu. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé èyí kì í ṣe oúnjẹ, pé mo kàn fi panu ni, mo wá Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi sọ ọ́, mi ò rí i. Nílé wa, ẹni tó jẹ búrẹ́dì kò tíì jẹun. Ẹni tó mu gààrí kàn fi nǹkan tutù panu ni. Ìyá mi lè jẹ àgbàdo àti ẹ̀pà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bí ẹnì kan bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ò tíì fẹnu kan nǹkan kan, gbogbo wa á sì máa káàánú wọn. Oúnjẹ ni èyí tí a sè tàbí tí a rò, tí a jókòó tì, tí a ṣanwọ́ sí. Ìyókù, eré ẹnu ni. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì sọ pé ìpanu ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo padà sí kíṣìnnì Màmá, mo gbé bisikíìtì yẹn mì.

Mo mú fọ́ọ̀mù òfìfo kan nínú fáìlì, mo fi sí báàgì mi. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ tèmi sí i bí mo ṣe máa ń kọ ti Màmá, mi ò fi ẹyọ kan pamọ́. Etí búrẹ́dì tí ọmọ mi kì í jẹ. Ẹran kan láti inú ìkòkò, kí n lè mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ẹran kejì, torí pé ti àkọ́kọ́ kéré. Ẹ̀pà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹyin tí Màmá ní òun ò fẹ́ mọ́. Ìpékeré tí ẹni tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi bù fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ ṣáá. Nígbà tí mo délé tí mo kà á, ìgbà mẹ́rìnlá ni mo ti jẹun, èbà ò sì tíì dé. Ojú tì mí débi pé mo wò yíká bóyá ẹnì kan ń wò mí. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá.

Mo fi ìwé náà han ọmọ mi. Mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kà á, ó tún un kà.

"Mummy, fourteen! Two kọ́ nìyí o."

"Mo ti rí i."

"But ẹ wò ó." Ó ń fìka tẹ ìwé náà níkọ̀ọ̀kan. "This one, tèmi ni. This one, ti Màmá Walworth. This one, somebody ló fún yín. Literally, half of it, ẹ̀yin kọ́ lẹ ni í. Ẹ kàn sọ no, innit?"

Òótọ́ ló sọ. Yàtọ̀ sí ẹ̀pà àti ẹran inú ìkòkò, kò sí èyí tí mo wá lọ fúnra mi. Àjẹkù ni, tàbí ohun tí ẹnì kan nà sí mi. Mi ò lè da oúnjẹ nù, wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń jẹun bá ní kí n wá bá òun jẹun, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ: mo máa ní á gba ibi ire o, màá sì bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e lé mi lọ́wọ́, kí ni wọ́n ń sọ? Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé wa. Ìlú yìí ni wọ́n bí ọmọ mi sí, "no" ò wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Mo ṣáà ń gbìyànjú. Mo padà lọ bẹ nọ́ọ̀sì, mo fi ìwé náà hàn án, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni o, ẹ̀ẹ̀mẹta ni o, èyí tó bá wù mí ni kí n mú, àmọ́ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu mi ni ara mi ń kà, kò mọ ìpanu yàtọ̀. Mẹ́rìnlá di mẹ́wàá. Mẹ́wàá di mẹ́jọ, ó sì dúró síbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe sí i. Lóṣù kẹsàn-án, mo gun òṣùwọ̀n dókítà eegun, mo ti fi kílò mẹ́rin àtààbọ̀ sílẹ̀. Ó ní mo ṣe dáadáa. Ó ní kò tó. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wà lórí àga mi. Gbogbo wọn forí kanlẹ̀, mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ Àlàájà. Nígbà tí a kírun tán, ó yíjú padà, àmì kápẹ́ẹ̀tì ṣì wà níwájú orí rẹ̀, mo sì jowú rẹ̀. Kí n má parọ́, mo jowú rẹ̀ gan-an. Ó ń pín àkàrà tí ó fi ṣe sàráà fún ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó wé e sínú fọ́ìlì ní mẹ́ta mẹ́ta. Ó wá bá mi.

"Aunty mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ki ara mi láyà. "Mo ti jẹun, Àlàájà." Mi ò rántí ìgbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ rí fún ẹni tó gbé oúnjẹ dání.

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ah-ah! Ẹ ti jẹun báwo? Sàráà ìyá mi ni o, àkàrà mẹ́ta péré. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Mo tẹ́wọ́ gbà á. Mo ní kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ìyá. Ó ṣe àmín, inú rẹ̀ sì dùn padà.

Ibùdó bọ́ọ̀sì ni mo ti jẹ ẹ́, lóòró, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dùn. Mo yọ ìwé mi jáde, mo fi ọwọ́ olóróró kọ ọ́: àkàrà mẹ́ta, aago méjì kọjá. Ẹkún fẹ́ bọ́, mo gbé e mì. Bọ́ọ̀sì dé. Dírẹ́bà rí bí mo ṣe di irin ẹnu ọ̀nà mú tí mò ń wá bí ẹsẹ̀ mi ṣe máa gòkè, ó tẹ bọ́tìnì tí wọ́n máa ń tẹ̀ fún arúgbó. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọra ń lọ sílẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí títì. Ìkúnlẹ̀ ni àwọn dírẹ́bà ń pe èyí ní èdè tiwọn. Bọ́ọ̀sì lásánlàsàn, tòun tèrò inú rẹ̀, kúnlẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ̀ níwájú mi. Èmi gòkè, mo wá àga, mo jókòó.