Òkun Tí Fàdá Thomas Kò Dá Lóhùn

Bí o bá kí Fàdá Thomas Ọlọ́runlékè lẹ́ẹ̀kan ní Kabba, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò dá ọ lóhùn.

"Òkun o, Fàdá!"

"Òkun."

Yóò wá yí ọrùn díẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tí eṣinṣin bà lé léjìká, yóò sì tún un sọ jẹ́jẹ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀: "Òkun o."

Ẹ sì mọ ìlú wa. Láti ẹnu ọ̀nà ilé Fàdá dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kí ọgọ́ta ènìyàn kí ó tó débẹ̀, odi ni tàbí àlejò. Nítorí ìdáhùn ẹlẹ́ẹ̀mejì yìí, bí Fàdá bá jáde lọ ra búrẹ́dì àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni yóò jẹ ẹ́, búrẹ́dì náà á sì ti hu irùngbọ̀n.

Ìlú kì í rí ohun tí kò yé e kí ó má túmọ̀ rẹ̀. Mama Rejoice, olórí akọrin, ní yìnyín òkè òkun tí Fàdá ti dé ló wọ̀ ọ́ létí tí kò tíì yọ́ tán. Sàláhúdéènì tó ń lẹ táyà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní rárá, àǹjọ̀nú ni.

"Àǹjọ̀nú ibo?" Mama Rejoice bi í.

"Ti òyìnbó ni. Tiwa kò ní físà."

Bàbá Ẹniolúwa nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun ni katikísìtì tí ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ó sì ti pẹ́ nínú ìjọ Àgùdà: Fàdá mẹ́sàn-án ni ó ti sìn, mẹ́ta nínú wọn ni ó sì ti sin. Ó mọ ojú ẹni tí nǹkan ń lé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ Míísà, ó bi Fàdá léèrè.

"Fàdá, ẹ má bínú sí mi. Òkun àkọ́kọ́, gbogbo wa la mọ ẹni tó ni ín. Èkejì ńkọ́?"

Fàdá ká apá aṣọ náà, ó tú u, ó tún un ká.

"Joseph ló ni ín," ó wí.

Kí Joseph yìí tó di Joseph, Yàsírù ni. Inú ìdílé Mùsùlùmí ní Ìyamoye ni wọ́n bí i sí, òun àti Thomas ọmọ Ìyárà sì jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé girama. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Sìdíkàt, ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Nígbà tí Yàsírù ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi, Ìyamoye gbóná débi pé iṣu ń jinná nínú ebè. Nígbà tó tún ní kì í ṣe Fàdá lòun fẹ́ ṣe, pé mọ́ńkì ni, kí òun máa gbé lórí òkè, kí òun má fẹ́yàwó, kí òun má sì máa sọ̀rọ̀, ẹnu ya àwọn ẹbí débi pé wọn ò rí ohùn bínú mọ́. Sìdíkàt nìkan ló rí nǹkan wí.

"Pé o ò fẹ́yàwó, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ Yàsírù tí o máa ń bá ewúrẹ́ jiyàn, ìwọ náà ni yóò dákẹ́?"

Ó lọ, ó sì dákẹ́. Orí òkè kan lẹ́yìn Ẹ̀júkù ni ilé àwọn mọ́ńkì náà wà. Wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin oyin, wọ́n sì ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀meje lójúmọ́. Ọdọọdún ni Fàdá Thomas ń lọ síbẹ̀ fún rìtírìtì, ìyẹn ọjọ́ mẹ́jọ tí àwọn Fàdá fi ń ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ṣùgbọ́n kí Thomas pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó rọrùn jù kí àkùkọ gba ààwẹ̀ kíkọ. Bó bá ti rí Joseph lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oyin, á ju òkúta kékeré sí i. "Yàsírù! Ṣé wọ́n ń fún yín ní ẹran jẹ níbí?" Joseph á kàn gbé ìka kan sẹ́nu, á máa rẹ́rìn-ín sínú, á bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹjọ tí òfin bá tú wọn sílẹ̀, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi mángòrò, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ọdún kan láàárín wákàtí mẹ́ta, àwọn oyin á sì kó kúrò nílé nítorí ariwo.

Lọ́dún kan, kí wọ́n tó pínyà, Joseph bá a wí.

"Thomas, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí o bá lè fi ọjọ́ mẹ́jọ dákẹ́ bí ènìyàn, n ó gbà pé Fàdá ni ọ́ lóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Thomas. Nígbà tí ọdún yí po, ó gun òkè náà, ó sì di ẹnu bí ẹni di àpò sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ kìíní kọjá, ìkejì kọjá. Ní ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ń fi rósárì rìn lọ létí oko gbágùúdá, ó sì rí Joseph láàárín ebè, tó fi ara ti ọ̀pá ọkọ́ rẹ̀. Oòrùn mú gan-an. Joseph gbójú sókè, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

"Òkun o, Thomas."

Inú Thomas dùn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, alárékérekè, o fẹ́ dán mi wò, àbí? Ó gbé ìka sẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí Joseph ṣe máa ń ṣe sí i, ó tún ṣẹ́jú kan sí i, ó sì kọjá lọ. Ó ń yan bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Kò tíì ka rósárì náà yí po tí agogo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní àkókò tí kì í ṣe ti àdúrà. Àárín ebè náà ni wọ́n ti bá Joseph. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa lè rò pé kí ni ìkíni kan já mọ́. Ṣùgbọ́n òkun la fi ń kí ẹni tó ti oko dé, òkun la fi ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Òkun la fi ń sọ pé o ṣeun, òun náà la fi ń kí ọlọ́fọ̀. Èwo ni Joseph sọ? Ṣé ó kàn kí i ni? Àbí àyà ló ń dùn ún, tó ń pe ènìyàn? Àbí ó ń dágbére? Ohun tí kò ṣiyèméjì nínú rẹ̀ ni pé mọ́ńkì tí kì í rú òfin rú u lọ́jọ́ náà, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó dákẹ́.

Níbi ìsìnkú, Sìdíkàt wá pẹ̀lú ìbòrí funfun. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan àfi Thomas.

"Ìwọ lo wà nítòsí. Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí Thomas pa nínú aṣọ Míísà nìyẹn, bí a bá yọ ìyìn tó máa ń fún àwọn akọrin kúrò.

Kò pé oṣù méjì tó lọ bẹ Bíṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n rán òun lọ sí òkè òkun. Àwọn òyìnbó ló di ìgbàgbọ́ sínú àpótí wá fún wa. Nísinsìnyí wọ́n ti gbàgbé ibi tí wọ́n fi tiwọn sí, àwa là ń dì í padà lọ fún wọn. Wọ́n rán Thomas sí erékùṣù kan létí Skọ́tílándì, níbi tí òtútù ti ń mú débi pé ajá ń wọ súwẹ́tà, àdúrà a sì máa dì sẹ́nu kó tó jáde. Ọmọ ìjọ mọ́kànlá ló bá níbẹ̀. Bí a bá ro ọjọ́ orí wọn pọ̀, a ó bá Nóà nínú ọkọ̀.

Ó rò pé òun yóò fi omi òkun dí ọ̀nà mọ́ òkun Joseph. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó náà fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ìyá kan nínú wọn bi í bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń kí ara wọn, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rò ó. Láti ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn mọ́kànlá náà ń tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Òkún, Fàdá." "Ọ́kun, Fàdá." Wọ́n ń fi ohùn òyìnbó lọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́rùn bí adìyẹ ọdún. Thomas ń fara dà á. Àfi ọjọ́ Àìkú kan tí ẹni kọkànlá ti kọjá, tó ku kìkì àwọn kóòtù tó wà lára ìṣó, tó sì gbọ́ ìkejìlá lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Kò sí òyìnbó kankan nínú ohùn yẹn. Ohùn Ìyamoye ni, tí ó ní àárẹ̀ díẹ̀ nínú.

Ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá èkejì lóhùn. Ó ṣe ọdún mẹ́fà níbẹ̀, kò fi òkun kan sílẹ̀ láìdá lóhùn, ohùn náà sì bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú padà wá sí Kabba.

Bàbá Ẹniolúwa gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó gbé aṣọ Míísà sínú àpótí, ó pa á dé.

"Fàdá, ẹ̀ ń dá òkú lóhùn láti ọdún wọ̀nyí wá. Ta ni ẹ parọ́ fún, òkú ni àbí alààyè?"

Fàdá kò jẹun kó tó wọ mọ́tò Ìyamoye.

Sìdíkàt ti fẹ̀yìn tì nísinsìnyí lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìyárà. Ó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ àtíbàbà ilé rẹ̀. Fàdá kò dúró kí wọ́n fún un níjòókòó. Orí ìdúró ló ti sọ ọ́ tán, ó sọ ti oko gbágùúdá, ó sọ ti ìka tó gbé sẹ́nu, ó sì sọ irọ́ tó pa níbi ìsìnkú. Sìdíkàt kò sunkún. Ó bó ẹ̀gúsí kan, ó bó òmíràn.

"Ó lé lọ́dún mẹ́fà," ó wí níkẹyìn. "Gbogbo ìgbà tí mo bá kírun tán ni mò ń bi Ọlọ́run pé ṣé àbúrò mi kú láìrí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi wà lápò rẹ, o gbé e lọ fún àwọn òyìnbó."

"Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n."

"Jókòó. Báwo ló ṣe sọ ọ́?"

"Òkun o, Thomas."

"Ohùn tìrẹ nìyẹn. Mo ní báwo ni *òun* ṣe sọ ọ́."

Fàdá tún un sọ.

"Ó yá jù. Yàsírù kì í kánjú sọ ọ́."

Ó tún un sọ.

"O ń wàásù. Ta ló ń wàásù láàárín ebè? Gbé e sílẹ̀ díẹ̀."

Ó sọ ọ́ nígbà mẹ́wàá, ó sọ ọ́ nígbà ogún. Àwọn aládùúgbò yọjú lẹ́yìn ògiri wò wọ́n, wọ́n ní Fàdá ń kọ́ èdè wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ há, òógùn bò ó. Nígbà tó yá, kò tilẹ̀ gbìyànjú mọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà sì jáde wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú àárẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Òkun o."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ Sìdíkàt.

"Òkun o, Yàsírù," ó dáhùn. "Òkun o, àbúrò mi."

Ó sì ń wo ẹnu Fàdá, kò ṣẹ́jú, bóyá yóò tún sọ̀rọ̀.