Ọjọ́ Tí Kásúmù Wọ Bàtà Ọlọ́bàtà

Èmi tí ẹ ń wò yìí, erin ni mo máa ń gùn lọ sí ilé ìwé ní Libreville. Kì í ṣe erin kékeré o. Erin tó jẹ́ pé bó bá ti yọ ní oríta Rio báyìí, gbogbo takisí á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọlọ́pàá ojú pópó á sì ṣí fìlà fún un. Bí a bá dé kíláàsì, erin mi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, á fi ọwọ́jà mú ṣọ́ọ̀kì, á máa ṣe ìṣirò. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, erin ló gba ipò kìíní. Èmi ni mo gbẹ́yìn, torí pé kò jẹ́ kí n wo iṣẹ́ òun. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kàwé jìnnà. Kì í ṣe pé orí mi ò pé.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fa ọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi ní àdúgbò Venez-Voir, mò ń fi búrẹ́dì bọ inú tíì tí kò ní mílíìkì, ni òórùn kan bá wọ imú mi. Òórùn pólíìṣì bàtà ni, ó dà pọ̀ mọ́ èéfín áyọ́ọ̀nù eléédú, torí iná ti lọ láti àná. Ẹ mọ bí àdúgbò wa ṣe rí. Pákó lórí pákó, páànù lórí páànù, bí ẹnì kan bá húkọ́ ní yàrá tirẹ̀, ẹnì kejì á kí i pẹ̀lẹ́ láti inú tiẹ̀. Kò sí òórùn tó ń fara pa mọ́. Mo wá ń rò ó pé, ta ló ń kun bàtà láàárín ọ̀sẹ̀, tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, tí kì í ṣe Jímọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbéyàwó? Mo gbé ife tíì sílẹ̀. Ara mi ti sọ fún mi. Mo ti gbọ́ òórùn yẹn rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òórùn yẹn ló sì gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi.

Kásúmù ni orúkọ rẹ̀.

Nígbà náà, bàbá mi ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Mont-Bouët. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Gabon, àmọ́ bí òun bá ń sọ ọ́, á ní òun lúwẹ̀ẹ́ ni, pé ẹja àbùùbùtán kan ló ń júwe ọ̀nà fóun. Ẹ rí i pé irọ́ mi kì í ṣe irọ́ òjijì, mo jogún rẹ̀ ni. Kásúmù ní tirẹ̀, ọmọ Nàgó ni, Yorùbá Sákẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìyá rẹ̀ ti kú, àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Alágbàfọ̀, nítorí aṣọ àwọn aṣọ́bodè àti àwọn akọ̀wé ló máa ń fọ̀, tó sì máa ń lọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Bí o bá yọjú síbẹ̀, wàá rò pé ilé ọlọ́lá lo wọ̀: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, gáwùn ọlọ́nà, ṣòkòtò tí ìlà rẹ̀ mú tó lè gé ni lọ́wọ́, gbogbo wọn fi okùn rọ̀ láti igun dé igun. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹyọ aṣọ kan péré ni ti Kásúmù, èyí náà sì ti ya nídìí. Bí olùkọ́ bá pè é síwájú pátákó, ńṣe ló máa ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, kí a má bàa rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ náà ga, egungun rẹ̀ nípọn, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Bí òjò Libreville bá rọ̀, tí àgbàrá kún ojú ọ̀nà, tí èmi dúró tí mò ń gbọ̀n, òun á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Gùn mí." Á gbé mi kọjá lẹ́yìn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ilé ìwé ìjọba ni, ọmọ Fang, ọmọ Mpongwe tó ni ìlú, àti àwa ọmọ àtìpó la jọ ń jókòó pọ̀. Irin táyà ọkọ̀ ńlá tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ni agogo wa. Bí òjò bá ń lu páànù òrùlé, olùkọ́ ò lè sọ̀rọ̀ kí a gbọ́, á ní kí a máa kọrin, a ó sì máa fi orin bá òjò jà títí á fi rẹ ọ̀kan nínú wa. Òjò ló sábà máa ń borí.

Ìṣirò ni Kásúmù fi borí gbogbo wa. Kí olùkọ́ tó kọ ọ́ tán, òun ti ń rẹ́rìn-ín sí i. Ebi nìkan ni agbára rẹ̀ kò ká. Lọ́sàn-án, bí kálukú bá ń jẹ bẹ̀nyẹ́ oníyẹ̀fun tí wọ́n dín, òun á rọra lọ sídìí ẹ̀rọ omi, á mu omi yó, á wá padà bọ̀, á máa fi igi tín-ínrín tayín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran tán. Èmi mọ̀. Mo máa ń ya búrẹ́dì mi sí méjì, màá ní inú ń run mí, kó bá mi jẹ ìyókù. Á gbà á bí ẹni ń ṣàánú mi.

Ọ̀gá ilé ìwé náà mọ̀. Ọmọ Gabon ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Ó pe àwọn òbí jọ lọ́jọ́ kan, ó ní ilé ìwé ti ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tí kò ní: oúnjẹ ọ̀sán, ìwé kíkà, aṣọ ilé ìwé, títí wọn ó fi jókòó ìdánwò àṣejáde. Àwọn tó fẹ́ ṣèrànwọ́ náà á wá fúnra wọn, wọn ó wo àwọn ọmọ, wọn ó sì yan àwọn tí ìyà ń jẹ. Ó pe Ìyá Alágbàfọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ti sọ̀rọ̀ Kásúmù fún wọn, pé ọmọ tí kò bá ní ìwé kò ní lè wọ kíláàsì ìkẹyìn. Ìyá náà mọ̀ pé òun ò lè ra ìwé. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ yẹn nìyẹn.

Èmi ni mo túmọ̀ Faransé ọ̀gá fún un. Ó gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n ohun tó dúró lọ́kàn rẹ̀ ni pé àlejò ń bọ̀ wá wo ọmọ òun.

Àwa Yorùbá, bí àlejò bá ń bọ̀, kí là ń ṣe? À ń gbálẹ̀, à ń wẹ ọmọ, à ń tẹ́ ẹní tí a kì í tẹ́. Bí ebi bá wà nínú ilé, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló ń sùn. "Kí n wá gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi síta bí ẹni tí kò ní ará?" ni Ìyá Alágbàfọ̀ sọ fún bàbá mi. "Kí wọ́n máa wí pé ọmọ Nàgó ń ṣagbe? Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Bàbá mi ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì gbé agolo pólíìṣì bàtà rẹ̀ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀, Ìyá Alágbàfọ̀ sọ aṣọ ọmọ aṣọ́bodè kan kalẹ̀ lórí okùn, ó wọ̀ ọ́ fún Kásúmù. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí sítáàṣì ti mú gan, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, bàtà aláwọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ki bébà sí i níwájú. Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ìyá wa ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a tò sábẹ́ máńgòrò, àwa ọmọ àtìpó ń dán bí ọjọ́ Iléyá. Ọ̀gá ilé ìwé wò wá, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn àlejò dé. Obìnrin olórí wọn, onífìlà gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀, ń wò wá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ Kásúmù, ojú rẹ̀ tàn. "Celui-là, ça va," ó ní. Ìyẹn ni pé eléyìí wà dáadáa, ìyà kò jẹ ẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, obìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọ́n ń bá a ṣeré, torí kò gbà pé ojú òun lè parọ́ fún òun. Kásúmù alára kò ràn wá lọ́wọ́. Ó fa igi rẹ̀ yọ lápò ọmọ aṣọ́bodè, ó ń tayín.

Ọmọ onísọ́ọ̀bù kan ní Rio, tó ti ń ta bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ láti àárọ̀, òun ni wọ́n yàn ṣáájú. Kásúmù? Nítorí pé òun ló mọ́ jù, òun ni wọ́n ní kó gbé òdòdó fún àwọn àlejò.

Ìyá Alágbàfọ̀ ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó rí òdòdó lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá wá ṣàlàyé fún un, tí mo sì túmọ̀ rẹ̀, ló tó jókòó gbì sórí ìdì aṣọ tútù tó gbé dání. Ohun tó sọ ò ju, "Ṣé mi ò wá ní wẹ ọmọ mi ni?" Mi ò túmọ̀ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, ààyè Kásúmù lórí bẹ́ǹṣì ṣófo. Ó ti lọ sí èbúté, ó ń ru ẹrù.

Ṣùgbọ́n ẹ nu ojú yín. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mọ́tò dúdú kan wọ àdúgbò wa, ó gùn débi pé iwájú rẹ̀ ti dé Rio nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà ní Mont-Bouët. Ta ló sọ̀kalẹ̀? Kásúmù! Ó wọ bàtà tirẹ̀, ó ń dún kò-kò-kò. Ó kó àpò ìrẹsì fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ọlọ́run kì í sùn."

Ìtàn tí mo sọ níbi ìpàdé òbí lọ́sẹ̀ tó kọjá gan-an nìyẹn. Ọmọ ọmọ mi ń lọ sí ilé ìwé kan náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni ọ̀gá wọn báyìí. Ó ní wọ́n ti ṣètò oúnjẹ ọ̀sán àti báàgì fún àwọn ọmọ tí kò ní, pé àwọn tó fẹ́ ṣèrànwọ́ náà á wá wò wọ́n kí wọ́n tó yàn. Irun orí mi dìde. Mo fi Yorùbá bá àwọn obìnrin wa sọ̀rọ̀, mo sọ ti Kásúmù fún wọn. Wọ́n sunkún níbi òdòdó, wọ́n pàtẹ́wọ́ níbi mọ́tò. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ bí wọ́n ṣe rí o." Wọ́n ní, "A ti gbọ́, Bàbá."

Òórùn wá dé láàárọ̀ yìí. Mo dìde tọ̀ ọ́ lọ. Ìyá Fàtáì ni, opó tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, tó ń ta ògbólógbòó aṣọ. Fàtáì rẹ̀ ni olùkọ́ máa ń jí nínú kíláàsì, torí ebi ń mú un sùn.

"Ìyá Fàtáì, kí la jọ sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò gbé ojú kúrò lára bàtà. "A gbọ́ o, Bàbá. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ọmọ yẹn padà ra mọ́tò? Wọn ò fún un ní nǹkan kan, ó ra mọ́tò. Ṣé kí n wá torí àwo ìrẹsì dójú ti bàbá ọmọ mi nínú sàréè ni? Fàtáì! Yọjú kí Bàbá rí ọ."

Ọmọ náà jáde, ó ń dán. "Papi, ça va?" ló fi kí mi. Yorùbá rẹ̀ kò ju ti ológbò lọ.

Mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Inú obìnrin yẹn ń dùn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí ayọ̀ lójú rẹ̀ kẹ́yìn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Bàtà yẹn tóbi fún un. Ki bébà sí i níwájú."

Wọ́n ti gé igi máńgòrò. Agogo ti di oníná, àárín ìlú ti kún fún ilé gíga. Ojú àlejò ni kò yí padà, ìtìjú tiwa náà kò yí padà. Àwọn àlejò ti lọ, àwọn ọmọ ti dé láti ilé ìwé báyìí. Fàtáì mú òdòdó kan dání.

Ẹ ó fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ irọ́. Erin kọ́. Erin wà, ó gbé mi la àgbàrá kọjá, ó sì gba ipò kìíní. Ẹ kàn ti mọ orúkọ rẹ̀ ni. Mọ́tò ni irọ́. Kò sí mọ́tò, kò sí àpò ìrẹsì, ẹnikẹ́ni ò gbá mi mọ́ra. Ìgbà tí mo rí Kásúmù kẹ́yìn, èbúté ló wà, àpò sìmẹ́ńtì lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán. Ó rí mi. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó fa igi tín-ínrín kan yọ, ó ń tayín.