Ìwé Tí Mo Fi Wé Mọ́sà

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé bí èèyàn bá ti wo fíìmù ìtàn kan, ìwé tí wọ́n ti yọ ìtàn náà jáde kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́. N kò kàwé púpọ̀. Ilé kéú ni mo lọ, mo sì ṣe ọdún mẹ́ta ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n wá máa ran ìyá mi lọ́wọ́ nídìí iná. Ohun tí mo bá fojú rí ni mo máa ń gbà gbọ́. Èyí tó bá wà nínú ìwé, ẹni tó bá kà á ni kó sọ fún mi.

Iwájú ilé wa ní Ìlọrin ni mo ti ń dín mọ́sà nígbà náà, mọ́sà àgbàdo kéékèèké, tó máa ń wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó fẹ́ sunkún. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì ní Malete, ó kù díẹ̀ kó jáde. Kàdúná ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìwé kan wà tí kì í kúrò lápá rẹ̀, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ó sì ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan wínníwínní sétí gbogbo ojú ewé rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ àṣekágbá òun ni, pé òun ń wo ohun tí ìwé náà sọ àti ohun tí fíìmù tí wọ́n fi ṣe sọ, kí òun lè mọ ibi tí wọ́n ti pínyà.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun alásàrì, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí àpótí, ó ní kí n wá wo fíìmù ọ̀hún. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bó ṣe ń lọ. Ẹranko abìyẹ́ kan tó ń yọ iná lẹ́nu ló fi ìrù la òkè, tó darí odò ìlú kan gba ẹ̀yìn òkè lọ. Ọmọbìnrin kan gbé idà, ó rìn títí, ó pa ẹranko náà, omi padà wálé, gbogbo ìlú bẹ́ sódò, wọ́n ń jó. Ó dùn mọ́ mi débi pé iná kú mọ́ mi lábẹ́ agbada.

Mo bi í pé, "Ṣé ohun tó wà nínú ìwé gbàǹgbà yìí náà nìyẹn?"

Ó ti ń wọ bàtà, ojú rẹ̀ wà lójú títì níbi tí ọkọ̀ Malete máa ń dúró. "Ìtàn kan náà ni, Ìyá Àgbà. Ti ìwé kàn pọ̀ jù ú lọ ni."

Mo ní, "Bí wọ́n gúnyán nínú odó, bí wọ́n sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí àga, pé ìdánwò ló kún ọ̀sẹ̀ yẹn, òun á wá mú un lọ́jọ́ Jímọ̀.

Òjò ò jẹ́ kí n lè lọ ra ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ọjà Ìpàta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bébà tí mo fi ń wé mọ́sà tán, àwọn oníbàárà dúró. Mo wo ìwé náà, mo ní ta ló tún fẹ́ ka eléyìí lẹ́yìn tó ti wò ó tán? Ẹ sì wo ọgbọ́n mi: láti ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya á. Mo ní bó bá tún wù ú kó kà á, yóò bá ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìparí, àwa méjèèjì ṣáà ti jọ rí i. Bébà rẹ̀ tún fa òróró ju ìwé ìròyìn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ya á, inú mi sì ń dùn sí ara mi.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé ìwé náà, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ta ló ya ìwé mi?"

Bí mo ṣe rí ojú rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, èmi tí mo ti ní ọmọ ọmọ. Mo ní, "Ewúrẹ́ ará ilé kejì ni."

"Ewúrẹ́?"

"Dúdú yẹn. Ìwọ náà mọ̀ pé kò lẹ́kọ̀ọ́."

"Ewúrẹ́ jẹ ẹ̀yìn, kò fẹnu kan iwájú?"

"Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a, ni àwọn àgbà wí. Tèmi ò rìn kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó máa ń ra mọ́sà lọ́wọ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Alámọ́sà, ẹ kú ọjà o. Ọmọbìnrin mi ló rán mi. Ó ní ṣé ìyókù ìwé tí ẹ fi wé tàná wà? Ó ní àwọn ará ẹ̀yìn òkè ti dé, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fún wọn."

Mi ò tilẹ̀ ro tara mi. Mo ní, "Ará ẹ̀yìn òkè wo? A ò rí irú wọn nínú fíìmù."

Ọmọ ọmọ mi ló dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Inú ìwé ni wọ́n wà, Ìyá Àgbà. Wọ́n ti bímọ, wọ́n ti dáko létí odò yẹn láti ayébáyé tó ti darí sọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tí omi padà, tiwọn gbẹ. Ọmọbìnrin yẹn ju idà sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ibi ijó ni fíìmù dúró sí." Ó ní ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ òun dúró lé, pé fíìmù fún wa ní ìṣẹ́gun, ìwé ló fi àwọn tí ìṣẹ́gun náà pa lára hàn wá.

Oníkẹ̀kẹ́ wò mí, ó wò ó. "Ẹ má bínú o," ló wí, ó wakọ̀ rẹ̀ lọ láì ra mọ́sà.

A tọrọ ìwé náà láti ojúlé dé ojúlé. Ewé mọ́kànlá la rí. Òróró ti wọ̀ wọ́n débi pé lẹ́tà iwájú àti tẹ̀yìn dàpọ̀ mọ́ra. Ìwé míì ṣeé wá, ṣùgbọ́n ohun tó fi ọdún kan gbáko rò, tó kọ sétí rẹ̀, ta ló ń tà á? Olùkọ́ rẹ̀ kò fún un ní ọjọ́ kún ọjọ́. Ó kọ èyí tó rántí. Èsì rẹ̀ jáde, kò burú, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń lé.

Ní Iléyá ọdún yẹn, ìyá rẹ̀, ọmọ tèmi, wá láti Kàdúná, ó sì béèrè lójú gbogbo wa ohun tó dé tí èsì fi rí báyẹn. Ọmọ náà ní, "Mo gbàgbé ìwé mi sínú ọkọ̀ Malete, Mọ́mì."

"Sínú ọkọ̀! Ọjọ́ kan lo máa gbàgbé orí ẹ síbẹ̀! Aláìbìkítà ọmọ!"

Kò wo ojú mi. Ẹran wà lẹ́nu mi, mo ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, lórí àga àgbà, orí ọmọ sì wọ́.

Ó ti di olùkọ́ báyìí, ó sì ń ṣe dáadáa, àlùbáríkà Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ fi nǹkan gidi rán an, ìyá rẹ̀ á ní, "Ẹ má fún un, inú ọkọ̀ ló máa wà," gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ó fọwọ́ tẹ orúnkún mi lábẹ́ tábìlì pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn: ara tù mí nígbà tó ní kí n dákẹ́.

Ọmọ mi tó wà ní Kàdúná mọ̀wé kà ju èmi lọ. Kó ka èyí tí mo ní kí wọ́n bá mi kọ. Ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé ìwé sínú ọkọ̀ kankan. Ọwọ́ èmi ìyá rẹ̀ ló ya á.