Ilẹ̀ Ìdáná Ọjọ́ Sátidé

Ọdún méjìdínlógún ni Fionnlagh fi ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè é mọ́ ní Tolm, abúlé wa ní erékùṣù yìí. Kúùkù ni gbogbo wa ń pè é, tọmọdé tàgbà, àti pásítọ̀ pàápàá nígbà tó bá gbàgbé ara rẹ̀. Kò láya, kò sì bímọ. Nígbà tí Oighrig àbúrò rẹ̀ kú, tó fi Beathag ọmọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀, Kúùkù sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Glasgow, ó wọ ọkọ̀ mìíràn wá sílé, kò sì padà sójú òkun mọ́.

Ẹni tó bá ní ọkùnrin ò lè tọ́ ọmọbìnrin, kó wá bi wá ní Tolm. Ó ń di irun fún ọmọ náà láràárọ̀. Ìdìkudì ni, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo irun náà máa ń wọ́ sí, ṣùgbọ́n ó ń dì í. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń gé ilẹ̀ ìdáná ní àbàtà, ilẹ̀ dúdú tí a ń sá sí ìwọ̀nba oòrùn tí Ọlọ́run fún wa, títí yóò fi gbẹ, tí a ó máa fi dáná títí ọdún yóò fi yípo. Ó kọ́ ọ lórin, ó kọ́ ọ ní ìtàn àwọn tó ti kú. Nígbà tí Beathag dàgbà, Gaelic, èdè ilé wa, tó kọ́ lẹ́nu bàbá yìí ló fi ríṣẹ́ ní Glasgow, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé wa fún tẹlifíṣọ̀n Gaelic.

Ohun kan tún wà tí Kúùkù ń ṣe, òun ló sì fẹ́ràn jù láyé. Ìjọ tiwa kì í lo dùùrù. Ẹnì kan ni yóò jókòó sábẹ́ àga ìwàásù, tí yóò dá ìlà Sáàmù, tí ìjọ yóò sì gbè é, kálukú pẹ̀lú bí ohùn tirẹ̀ ṣe mọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Kúùkù ti ń dá a. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ní, ẹ má wo ilé rẹ̀, ẹ má wo àgùntàn mẹ́rìnlá tó ń ya wọ ọgbà ẹni ẹlẹ́ni. Àga yẹn ló ní.

Ní oṣù Karùn-ún, Beathag wá pẹ̀lú ọkùnrin méjì láti Glasgow, ọ̀kan gbé kámẹ́rà, ọ̀kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn. Àwa ò kà á sí nǹkan bàbàrà. Kò sí arúgbó kan ní erékùṣù yìí tí wọn ò tíì gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀ rí, kí wọ́n ní kó máa wo òkun bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú ẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ṣe fíìmù mi àkọ́kọ́,” ni Beathag wí.

“Kí ló kù tó o fẹ́ wò lára mi? Ṣé o ò tíì rí mi tó ni?”

“Èmi ti rí yín. Àwọn yòókù ló kù.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní wo òkun o. Mo ti wò ó fún ọdún méjìdínlógún, kò wò mí padà lẹ́ẹ̀kan.”

Sáàmù gan-an ni Beathag ń wá. Àwọn alàgbà ìjọ kọ̀ jálẹ̀. Eachann, tó jẹ́ olórí wọn, ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe ibi eré. Kúùkù dìde láàárín wọn, ó ní ọmọ ilé yìí ni Beathag, òun fi orúkọ òun dúró fún un. Wọn yóò gba ohùn orin ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́bọ̀, ó parí. Kámẹ́rà kankan kò ní lajú lọ́jọ́ Ìsinmi. Nítorí pé òun ló sọ ọ́, wọ́n gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ bí ọjọ́ Ìsinmi ṣe rí níbí. A kì í sá aṣọ, a kì í pọnmi, a kì í gbé ilẹ̀ ìdáná wọlé. Pòtétò tí a ó jẹ pàápàá, ọjọ́ Sátidé la ti ń bó o. Ẹni tí kò bá gbé ilẹ̀ ìdáná rẹ̀ wọlé ní Sátidé, kó múra àtigbọ̀n nínú òtútù títí di Mọ́ńdè, kò sì sẹ́ni tí yóò káàánú rẹ̀.

Wọ́n gba ohùn orin náà ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, Beathag bẹ bàbá pé kó wọ kóòtù dúdú tó fi ń lọ sílé ìjọsìn, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Bíbélì, kí òun kàn rí bó ṣe máa rí. Kúùkù wọ̀ ọ́. Ó dúró, ó dúró, oníkámẹ́rà ń nu dígí, ó tún ń nu dígí. Bàbá bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé agbọ̀n ẹ̀gbẹ́ ààrò ti ṣófo, ọ̀la sì ni ọjọ́ Ìsinmi. Ó yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ kóòtù, ṣùgbọ́n ta ló rí kúùkù tó ń dúró lásán rí? Ó gbé Bíbélì sílẹ̀, ó mú korobá, ó lọ sí ìdí òkìtì ilẹ̀ ìdáná ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ tó bọ̀. Ó rí i pé ojú kámẹ́rà ń tẹ̀ lé òun, kò sì bìkítà. Ọjọ́ Sátidé ni, iṣẹ́ Sátidé ló ń ṣe, kí ọjọ́ Olúwa má bàa bá a láìmúra.

Lọ́jọ́ kejì, kámẹ́rà sùn sínú àpótí. Beathag jókòó nínú ìjọ bí ọmọlúàbí, ó ń gbe Sáàmù. Nígbà tó di Mọ́ńdè, wọ́n lọ.

Oṣù Kẹwàá ni fíìmù jáde. Ilé Eachann ni Kúùkù ti wò ó, nítorí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ kò ju kó máa kùn lọ. Curstag ìyàwó Eachann se tíì, ó kó búrẹ́dì ọkà àti wàràkàṣì sílẹ̀. Wọ́n rí àbàtà, wọ́n rí àgùntàn, Curstag ní àgùntàn náà mọ́ ju bó ṣe ń mọ́ nígbà tó bá wà nínú ọgbà òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ohùn Kúùkù gòkè, ó dá ìlà Sáàmù, ìjọ gbè é. Inú bàbá dùn débi pé ó gbàgbé ife tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn Beathag sì wọlé, jẹ́jẹ́, ó ní:

“Ọjọ́ Ìsinmi ní Tolm.”

Orin ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan nínú kóòtù dúdú ilé ìjọsìn sì gba iwájú wọn kọjá, ó gbé korobá tó kún fún ilẹ̀ ìdáná.

Curstag gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

“Sátidé ni,” ni Kúùkù wí.

“Mo gbọ́,” Eachann dáhùn, kò sì wo ojú rẹ̀.

Ní Tolm, ẹnikẹ́ni kì í bú ẹ. Wọn yóò kàn máa kí ẹ kúrú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìkíni tí Kúùkù ń rí lójú ọ̀nà kò ju kí wọ́n mi orí lọ. Eachann alára ló wá bá a nílé, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

“Èmi gbà ẹ́ gbọ́, Kúùkù. Kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìjọ márùn-ún ló ń bọ̀ wá bá wa jẹ ẹ́, gbogbo wọn ló sì wo nǹkan yẹn. Ìwọ lo fi orúkọ dúró. Ó wá dà bíi pé ìwọ náà lo ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, tó o sì ń ṣiṣẹ́ níwájú wọn.”

“Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?”

“Ìlà kan péré. Kí Beathag kọ ọ́ pé Sátidé ni. Màá kà á sétí ìjọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ tìẹ ni?”

Kúùkù pe Beathag lórí fóònù kí Eachann tó jìnnà. Beathag kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, fíìmù ni. Bí wọ́n ṣe ń lẹ àwòrán mọ́ra nìyẹn.”

“O mọ̀ pé Sátidé ni.”

“Mo mọ̀.”

“O sì mọ ohun tí ará ilé máa rò tó bá wò ó. Ìwọ kì í ṣe ọmọ Glasgow.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ọ̀gá mi ló ní ibi ọjọ́ Ìsinmi ò ní àwòrán. Ibẹ̀ ló sì dáa jù nínú gbogbo ẹ̀. Àwọn èèyàn sunkún níbí nígbà tí wọ́n wò ó.”

“Kí ni wọ́n ń sunkún fún? Ṣé àwọn ló gbé korobá ni?”

Kúùkù sọ fún un nípa ìlà kan tí Eachann ń béèrè, Beathag sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà náà lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkàn Kúùkù balẹ̀, ó tilẹ̀ lọ bá àwọn àgùntàn rẹ̀ dá Sáàmù tó fẹ́ dá lọ́jọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kó mọ ibi tí ohùn rẹ̀ dé.

Lẹ́tà dé ní ọjọ́ kọkànlá. Eachann àti Kúùkù jọ ṣí i lórí tábìlì ni. Beathag yin ìjọ, ó yin bàbá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ará Tolm. Ó wá kọ ọ́ pé: “Ọjọ́ púpọ̀ ni a fi ya àwòrán wọ̀nyí. N kò lè rántí ọjọ́ tí a ya èyí ní pàtó.”

Eachann kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a.

“Bóyá ó gbàgbé lóòótọ́,” ó wí.

“Kò gbàgbé.”

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu yìí. Ká ní ọkùnrin oníkámẹ́rà yẹn ló ṣe é ni, Kúùkù ì bá bú u, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń gbé ilẹ̀ ìdáná wọlé ní Sátidé láti ìgbà tí apá rẹ̀ ti lè gbé korobá, òun ló ní òun ò rántí ọjọ́. Ó dùn ún wọra. Kò dúró kí àwọn alàgbà lé òun. Ó sọ fún Eachann pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò dá a. Lọ́jọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ọkùnrin kan láti òdìkejì erékùṣù ló jókòó sórí àga rẹ̀, ó dá ìlà àkọ́kọ́ sókè jù, gbogbo ìjọ ń jìjàkadì láti bá a. Kúùkù jókòó sórí ìjókòó kẹta lẹ́yìn, òun náà ń gbè.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni Beathag wá sílé. Bàbá ń jẹ ẹja oníyọ̀ àti pòtétò rẹ̀ lọ́sàn-án. Beathag wọlé láìkanlẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tú jáde lẹ́nu rẹ̀ wìtìwìtì.

“Bàbá, mo ti kọ Sátidé síbẹ̀. Mo kọ ọ́. Ọ̀gá mi ló ní tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá jáde, wọ́n á ní a purọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò tíì lo ọdún kan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ẹ̀yin á lóye, pé ẹ̀yin lẹ máa ń lóye gbogbo nǹkan. Ẹ bú mi. Ẹ nà mí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹ ṣáà sọ nǹkan.”

Kúùkù dìde lórí àga, bí a ṣe ń dìde fún ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ó fa àga kejì fún un. Ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ojú òkun rọ̀ nígbà tó ń bọ̀.

Nílé wa, Gẹ̀ẹ́sì wà fún ọlọ́pàá àti fún arìnrìn-àjò tó ń béèrè ọ̀nà etíkun. Bàbá yìí kò sọ ọ́ sí Beathag rí, àní lọ́jọ́ tó mú un lọ síléèwé.

“Bàbá, ẹ má ṣe báyìí fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ilé bá mi sọ̀rọ̀.”

Kúùkù gbé ìkòkò tíì kúrò lórí iná. Ó mú ife tó mọ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi gba àlejò, ó bu tíì sí i, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó tọ́ dàgbà bóyá ó ń fi ṣúgà mu ún.