Tíṣà Olúbọ̀wálé, Ẹni Tó Sọ Ọmọ Ọlọ́mọ ní Magnanimous

Ní àdúgbò wa ní Ailegun, tí ẹ bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Olúbọ̀wálé, ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ ọmọ Kẹ́milọ́lá ni wọ́n á kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, a ò lè rín ẹ̀rín ọ̀rọ̀ náà parí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ náà, wọ́n gbé abọ́ omi sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á sọ owó sínú rẹ̀, á sì pe orúkọ náà. Bàbá àgbà ní Ọláfimíhàn. Ìyá àgbà ní Adéjùmọ̀. Ló bá kan Tíṣà tí ilé wọn jọ fara kanra. Ó tún jígí ojú rẹ̀ ṣe, ó sọ owó sómi, ó ní, "Magnanimous."

Kẹ́milọ́lá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ọmọ mi fi ṣe yín?"

"Ó túmọ̀ sí ẹni tó lawọ́, tí kì í di ènìyàn sínú. Èwo ló burú níbẹ̀?"

"Sà, ẹ fún un ní èyí tí ẹnu ìyá mi lè gbà!"

"Ìyá yín á kọ́ ọ."

Ọmọ náà ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ọláfimíhàn. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀, Mágíná ló ń pè é.

Èkìtì, ilé bàbá rẹ̀, ni Tíṣà ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì wá sí ilé tó kọ́ sí Ailegun. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní gírámà òyìnbó, àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC. Kì í ní kí wọ́n há ọ̀rọ̀ sórí. Ó ní ọ̀rọ̀ àhásórí, inú họ́ọ̀lù ìdánwò ló ti máa ń fò lọ. Tó bá di ọjọ́ Ajé, á mú ọ̀rọ̀ gígùn kan, á fi sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, orúkọ yẹn lọmọ á sì máa jẹ́. Ẹni tí kò bá lè lò ó bó ṣe yẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, á tún gbé e wọ ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ìyá Dáúdà wá wá ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Tíṣà, ẹ bá mi pe Dáúdà."

"Kò sí Dáúdà níbí."

"Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn ńkọ́?"

"Indolent nìyẹn. Ọ̀lẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti ń jẹ́ ẹ láti oṣù tó kọjá."

Ìyá Dáúdà ò bínú o. Ó ní, "Ẹ ṣeun jàre, Tíṣà. Èmi tí mo bí i, mi ò rí orúkọ tó bá a mu tó báyìí."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Lateefah ni kò jẹ́ kí Tíṣà sinmi. Bàbá Lateefah ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó ti ń jó irin ní ìsàlẹ̀ títì, ọmọ Ìsọlọ̀ gan-an ni. Ìdánwò English ti gbé ọmọ náà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe òpè, ẹ̀rù ló ń bà á. Tó bá ti rí ọ̀rọ̀ gígùn, ọkàn rẹ̀ á já. Bàbá rẹ̀ wá búra pé tó bá tún fìdí rẹmi, ó di Ọ̀ṣọ́dì lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń dirun. Lọ́jọ́ tí Tíṣà gbọ́, ó sọ Lateefah ní Eloquent, ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀.

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. "Eloquent kẹ̀! Ọmọ tí èmi kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé? Tíṣà, irun lọmọ yìí máa dì."

"Tó bá yege ńkọ́?"

"Á lọ yunifásítì. Ṣé mo ní mi ò fẹ́ ni? Ṣùgbọ́n Lateefah ni mo bí o."

"Ẹ ti bí Lateefah. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bí Eloquent."

Ni Tíṣà bá pàṣẹ pé gbogbo ohun tí Felicia, ìyàwó òun, bá rán Lateefah, gírámà ni kó fi máa rà á. Ọmọ gbé sílíńdà dé ọ̀dọ̀ Bọ́láwálé tó ń ta gáàsì, ó ní gáàsì àwọn ti deplete. Gáàsì tán ló ń wí. Bọ́láwálé fò sẹ́yìn. "Gbé e kúrò níbí! Má jẹ́ kó deplete síwájú ṣọ́ọ̀bù mi o!" Tíṣà wà lẹ́yìn ògiri tó ń tẹ́tí gbọ́ wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ikọ́ yẹn ò lọ mọ́. A rò pé ẹ̀rín ló fà á.

Lateefah ṣe ìdánwò tán ni wọ́n gbé Tíṣà lọ sọ́sibítù. Ọmọ náà lọ kí i. Tíṣà bi í bí ìdánwò ṣe lọ, Lateefah sì fi òyìnbó dáhùn, ó gùn, kò kọsẹ̀, kò wolẹ̀. Felicia ní òun ò lè tún gbogbo rẹ̀ sọ, pé ńṣe ni Tíṣà dijú tó ń mirí bí ẹni tí wọ́n ń kọrin fún. Ó ní, "Tí èsì bá ti dé, ẹ tètè wá sọ fún mi o." Ó ṣe wá láàánú gan-an, nítorí kò dúró gbọ́ ọ. Àwa ará Ailegun la gbá jọ sìn ín lọ sí Èkìtì. Bàbá Lateefah wà lára àwọn tó da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè rẹ̀.

Ọjọ́ tí èsì jáde, Lateefah ń sunkún ayọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ já fóònù gbà. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́, kò bọ́ jígí dúdú tó fi ń jó irin. Ó sáré gun títì lọ, ó ń gbá géètì Tíṣà gbì-gbì-gbì.

"Tíṣà! Tíṣà o! Ẹ jáde wá wò ó! Ọmọ yín gba B3 nínú English!"

Felicia ló ṣí i. Inú dídùn ti jẹ́ kí Bàbá Lateefah gbàgbé pé Tíṣà ti lọ. Ó rọra bọ́ jígí ojú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀gbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé bí."

"Ẹ wọlé," Felicia ní. "Ẹ wá kà á fún èmi."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na fóònù jìnnà sójú, ó ń ka èsì ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe Economics bí ẹni tó ń fi eyín fọ́ eegun. Felicia rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Lateefah kà á tán, obìnrin náà fi etí aṣọ nu ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ tún un kà."